Yàrá Oòrùn Tí Ó Kẹ̀yìn sí Oòrùn

Oṣù Kejì ọdún 2018 ni mo kọ́kọ́ jókòó sínú yàrá onígíláàsì. Ilé ọmọ mi obìnrin ni, ní ìpínlẹ̀ Òǹtéríò ní orílẹ̀-èdè Kánádà, níbi tí èmi àti ìyá rẹ̀ ti lọ kí wọn kú ewu ọmọ tuntun. Yìnyín bo gbogbo àgbàlá, igi kan kò ní ewé lórí, ṣùgbọ́n èmi jókòó nínú gíláàsì pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́ lọ́rùn, oòrùn ń yá mi lára bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo wà. Mo fẹ́ràn yàrá náà débi pé kí a tó wọ bàálù padà wálé, mo ti fi ìṣísẹ̀ wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, mo sì ti ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn ìwé kan. Ohun tí n kò wọ̀n, tí n kò sì béèrè, ni ohun tí ó wà lábẹ́ yàrá náà àti ohun tí ó wà nínú ògiri rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni àìbéèrè yẹn gbà lọ́wọ́ mi.

Ilé bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ilé alámọ̀ ni, tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára. Ògiri rẹ̀ nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ dáadáa, ojú rẹ̀ kọ sí ìlà-oòrùn, àgbàlá ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọ sí ìwọ̀-oòrùn. Inú àgbàlá yẹn ni mo fẹ́ kọ́ yàrá náà sí, kí ó fara ti ilé, ẹsẹ̀ bàtà 16 ní gígùn àti 12 ní ìbú, kí n máa jókòó síbẹ̀ kàwé, kí n sì máa wo orí àpáta Ọlọ́ṣunta láàárín òrùlé àwọn aládùúgbò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, bíríkìlà tí mo kọ́kọ́ pè sọ fún mi pé ohun tí mo fẹ́ kọ́ kò ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, pé gíláàsì kò wúwo, àti pé ẹsẹ̀ bàtà kan ti tó fún ìpìlẹ̀. Ó lu ihò sára ògiri àtijọ́, ó ki irin rọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́, ó sì so ògiri tuntun mọ́ ọn kí ó má baà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ṣí kúrò. N kò lè dá a lẹ́bi tán, nítorí pé owó tí ó dá lé iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, n kò sì bi í léèrè ohunkóhun.

Òjò oṣù Kẹfà àti ti Keje rọ̀, ilé dúró. Òjò oṣù Kẹsàn-án ni ó tú àṣírí. Mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ògiri ìhà gúúsù ti sán láti òkè wá sísàlẹ̀, ní ojú ibi gan-an tí ó ti pàdé ògiri bàbá mi. Lókè, sísán náà gba ìka mi. Nísàlẹ̀, kò gbà ju èékánná lọ, èyí tí ó fi hàn pé igun ìta ni ó ń rì, tí ó sì ń fa ògiri tẹ̀lé ara rẹ̀. Irin tí a kì bọ inú amọ̀ kò dì í mú. Ńṣe ni ó fa odidi ìṣù amọ̀ kan yọ lára ògiri àtijọ́. Lóru ọjọ́ kejì, gíláàsì kan fọ́ fúnra rẹ̀, ó dún bí ìbọn ṣakabùlà. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Èmi rí aláǹgbá náà fúnra rẹ̀, akọ olórí pupa kan tí ó máa ń yọrí láti inú sísán náà ní àràárọ̀, tí ó ń mi orí sí mi bí ẹni pé òun ni ó fún mi ní àyè.

Mo fi oṣù díẹ̀ wò ó bóyá yóò dúró, kò dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní Pólì Adó, wó o lulẹ̀. A kó páànù àti gíláàsì tí ó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì pinnu pé àwa méjèèjì ni yóò tún un kọ́ fúnra wa, kí a máa pe bíríkìlà àti káfíńtà níbi tí ọwọ́ wa kò bá tó nìkan. Bí a ṣe ń fọ́ kọnkéré ilẹ̀ ni àbúrò bàbá mi obìnrin jáde wá sí àgbàlá. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?”

“Yèyé, ilẹ̀ ni kò gba ilé dúró.”

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí igun tí ó rì. “Ṣebí kòtò amọ̀ ulé yìí nì yẹn. Ibẹ̀ la ti wà á, ibẹ̀ la ti tẹ̀ ẹ́. Èmi náà pọnmi síbẹ̀.”

Inú ilé yẹn ni a bí mi sí, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi rí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń kọ́ ilé alámọ̀ yẹ kí ó ti rò ó fúnra rẹ̀: amọ̀ tí ó tó odidi ilé kì í ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń wà á. Bí ilé bá parí, kòtò náà á di ààtàn, ààtàn á kún, koríko á bò ó, ọmọ tí a bá bí lẹ́yìn rẹ̀ á sì máa pè é ní ilẹ̀.

Kí a tó tún fi ọkọ́ kan ohunkóhun, a wá irin rọ́ọ̀dù mílímítà 12 kan tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, a pọ́n ẹnu rẹ̀, a sì fi òòlù gbá a wọlẹ̀ ní ibi mẹ́wàá káàkiri ibi tí ògiri yóò gbà. Ní ibi tí ó pọ̀ jù, ó ń lọ wẹ́rẹ́ nínú ilẹ̀ dúdú, lẹ́yìn ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 ó bẹ̀rẹ̀ sí í le, òòlù ń ta padà: a ti dé yangí nìyẹn. Ní ìhà àríwá, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ lọ tí ó fi dún “kin”, tí ó sì gbọn ọwọ́ mi dé èjìká, nítorí pé àpáta ni. Ìkẹ́rẹ́ ni a wà, àpáta kì í jìnnà sí wa. Ní igun tí gúúsù ti pàdé ìwọ̀-oòrùn, irin náà wọlé bí ìgbà tí a ti ọ̀bẹ bọ ọ̀lẹ̀lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ààbọ̀ kí ó tó rí ohun tí ó dá a dúró. A gbẹ́ ibẹ̀ wò. Eérú ni, àpáàdì, èèpo èkùrọ́, ikùn àtùpà kan tí ó ti dípẹtà, àti agogo kẹ̀kẹ́ bàbá mi tí mo mọ̀ dáadáa, tí ó ṣì dún lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo nù ún tí mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Yàrá kan ṣoṣo wá fẹ́ dúró lórí ilẹ̀ mẹ́ta: àpáta tí kì í mì, yangí tí ó ń rì díẹ̀, àti ààtàn tí ó ń rì títí. Bí gbogbo ilé bá rì pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ó lè má sán rárá. Apá kan tí ó bá rì ju èkejì lọ ni ó ń la ògiri.

Mo pe ọkọ ọmọ mi lórí fóònù, mo wá bi í ní ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi í ní ọdún 2018. Ó ní ìpìlẹ̀ yàrá tiwọn wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, nítorí pé ní agbègbè wọn, omi inú ilẹ̀ máa ń di yìnyín ní ìgbà òtútù, omi tí ó bá sì di yìnyín máa ń wú, á gbé ohunkóhun tí ó bá wà lórí rẹ̀ sókè. Ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kọjá ibi tí dídì náà lè dé. Ilẹ̀ tiwa kì í dì. Ẹni tí ó bá da ẹsẹ̀ bàtà 4 yẹn kọ wá sí Èkìtì ti da iye kọ láìda ìdí kọ. Níhìn-ín, ohun tí à ń sá fún ni ilẹ̀ dúdú tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà wà nínú rẹ̀, amọ̀ tí ń wú lójò tí ó sì ń sún kì lẹ́ẹ̀rùn, àti ọ̀ṣọ̀rọ̀ tí ń fọ ilẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri. Nítorí náà, a pinnu pé yangí ni a ó máa lé, bí ó ti wù kí ó jìn tó, àti pé a kò ní dúró lókè ẹsẹ̀ bàtà 3 níbikíbi àyàfi lórí àpáta.

Kòtò ìpìlẹ̀ wa fẹ̀ ní ínṣì 27, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 tí yóò dúró lórí rẹ̀, kọnkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì nípọn ní ínṣì 9. Bí a ṣe ń sún mọ́ igun ààtàn, a kò jẹ́ kí ìsàlẹ̀ kòtò náà dagẹ̀rẹ̀, nítorí pé kọnkéré tí a dà sórí ìdagẹ̀rẹ̀ lè yọ̀ lọ́jọ́ kan. A gé e ní àtẹ̀gùn: ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga tó búlọ́ọ̀kù kan, kọnkéré òkè sì gorí ti ìsàlẹ̀ ní gígùn búlọ́ọ̀kù kan, ìyẹn ínṣì 18, kí ó má baà di pé à ń gé búlọ́ọ̀kù kiri. Gbogbo ààtàn inú kòtò náà ni a kó jáde títí a fi dé ilẹ̀ pupa tí ọkọ́ kàn ń họ. Ní ìhà àpáta, a kò fọ́ nǹkan kan. A ha èèpo rẹ̀ tí ó ti rà kúrò, a fọ̀ ọ́, a lu ihò sí i, a sì fi rọ́ọ̀dù kúkúrú de kọnkéré mọ́ ọn. Nígbà tí ògiri ìpìlẹ̀ yọ sókè ilẹ̀, a fi kọnkéré onírin dè é yí ká bí ìgbànú, rọ́ọ̀dù mílímítà 12 mẹ́rin nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà lábẹ́ má baà fa yàrá náà sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ibi tí ó gba sùúrù jù ni ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́. Ilé bàbá mi kò ní ìpìlẹ̀ tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Amọ̀ ni wọ́n tò ní ipele-ipele láti inú ilẹ̀ wá, tí wọ́n jẹ́ kí ipele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí a bá gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ẹ̀gbẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí ó gbé e ró lè ṣí sínú kòtò, kí òjò kan ṣoṣo sì sọ ẹni tí ń wá yàrá kún ilé di ẹni tí kò ní ilé. A dá kòtò dúró nígbà tí ó ku ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀ kí ó dé ara ilé, a sì jẹ́ kí ìgbànú kọnkéré yẹn yọ síwájú láti ru ìwọ̀nba ògiri tí ó kù. Kò kan ilé náà. Àlàfo ìdajì ínṣì ni a fi sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, a ki fóòmù rírọ̀ bọ̀ ọ́, a sì fi sílíkóònù dí ojú rẹ̀. “Bàámi,” ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wí, “ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé bí aládùúgbò, ẹ má so yìgì fún wọn.” Bẹ́ẹ̀ náà ni òrùlé: orí òpó tirẹ̀ ni ó dúró, ó kàn sá sábẹ́ etí òrùlé àtijọ́, páànù kan tí a tẹ̀ sì bo àárín wọn kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé.

Nípa kọnkéré, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ iyanrìn àti omi, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ènìyàn ti ń ṣòfò láìmọ̀. Iyanrìn tí wọ́n kọ́kọ́ já fún wa mọ́ lójú. Mo bù ú dé ìdajì ìgò kan, mo da omi sí i, mo gbọ̀n ọ́n pọ̀, mo sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Amọ̀ tẹ́ lé orí iyanrìn náà bí ọ̀rá tí ó dì lórí ọbẹ̀, ó nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. A dá a padà, oníyanrìn bínú, ó sì lọ já òmíràn wá. Àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 kò ju nǹkan bíi lítà 35 lọ nígbà tí a bá tú u, bárò tí ó kún dọ́gba sì ń gba bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Nítorí náà, fún ìpìlẹ̀, àpò kan sí bárò iyanrìn kan àti ààbọ̀ àti bárò gíráníìtì mẹ́ta ni a pò, fún ìgbànú àti ilẹ̀ yàrá, àpò kan sí bárò kan sí bárò méjì. Bíríkìlà tí a pè lọ́jọ́ náà fẹ́ kí omi pọ̀ kí kọnkéré lè máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe ń yá. Mo ní kí ó bù ú sọ́wọ́, kí ó fún un. Bí ó bá dúró bí òkèlè, ó dára, bí ó bá ń kán láàárín ìka, kí wọ́n má ṣe dà á. Omi tí ó bá pọ̀ jù máa ń gbẹ kúrò, ihò wẹ́wẹ́ ni ó sì ń fi sílẹ̀. Fún ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, a fi àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo bò ó, èmi fúnra mi ni mo ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, torí pé ọyẹ́ ń fẹ́, ọyẹ́ kì í sì í jẹ́ kí kọnkéré mu omi rẹ̀ tán.

Inú ìpìlẹ̀ ni a fi yangí kún, ínṣì 6 lẹ́ẹ̀kan, kí a wọ́n omi sí i, kí a sì fi igi ńlá lù ú mọ́lẹ̀ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Oògùn ikán ni a wọ́n sórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá fojú fo ikán ní Èkìtì yóò kan wọ́n lókè àjà. Ọ̀rá dúdú nípọn ni a tẹ́ sí i kí omi inú ilẹ̀ má baà máa gun òkè, a sì mú etí ọ̀rá náà gun orí ìgbànú kí a tó da kọnkéré ínṣì 4 lé e.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ da ilẹ̀ tán ni ìsémọ́lé kòrónà dé ní òpin oṣù Kẹta. Sìmẹ́ǹtì kò sí, ìrìnàjò kò sí, ilẹ̀ kọnkéré kan ni a ní tí kò ní ògiri. Ìsinmi tipátipá yẹn ni ó tún èrò mi ṣe. Mo ri igi kan mọ́ àárín àgbàlá, mo sì ń fi ẹfun sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ bá dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin, òjìji náà pòórá lọ́sàn-án gangan, oòrùn wà lókè orí wa tààrà. Láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá, ìyókù ọdún ni ó ń gba gúúsù, ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà méjèèjì, òkè ni ó wà, etí òrùlé sì lè dá a dúró. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti agogo mẹ́ta lọ, ó ti rẹlẹ̀, ó ń wọ abẹ́ òrùlé láti ìwọ̀-oòrùn, kò sì sí etí òrùlé tí ó gùn tó láti bò ó. Ìwọ̀-oòrùn yẹn gan-an ni mo kọ gbogbo gíláàsì yàrá àkọ́kọ́ sí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwòrán Kánádà wí. Tamómítà tí mo gbé kọ́ síbẹ̀ nígbà náà ti ka dígírì 43 rí ní agogo mẹ́rin, mo sì rò pé ó ti bàjẹ́ ni.

Mo yí àwòrán padà pátápátá. Ògiri ìwọ̀-oòrùn di búlọ́ọ̀kù látòkè délẹ̀, àyàfi ihò kéékèèké tí a fi sókè lábẹ́ àjà fún ooru láti jáde. A kùn ún ní funfun. Gíláàsì lọ sí àríwá àti gúúsù. Ní gúúsù, fèrèsé ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, a sì jẹ́ kí etí òrùlé yọ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀, èyí tí ó tó láti bo gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án gangan oṣù Kejìlá, nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá fà sí gúúsù jù. Ní àríwá, ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ ti tó. Àwọn tí ó wá kí mi ń béèrè irú yàrá oòrùn wo ni èyí tí ó kẹ̀yìn sí oòrùn.

Ní ti ohun tí a ń fi sínú ògiri kí ooru má baà kọjá, mo ti ń gbèrò láti ra fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, kí n sì tẹ́ ẹ sí gbogbo ògiri gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lọ́hùn-ún. Ìṣirò kékeré kan ni ó dá mi dúró. Lọ́jọ́ tí mo jókòó sí yàrá ọmọ mi, ìta jẹ́ dígírì 15 nísàlẹ̀ òdo, inú jẹ́ 21: ìyàtọ̀ 36 ni fóòmù àti gíláàsì onípele méjì wọn ń bá jà tọ̀sán-tòru. Lábẹ́ ibòòji ní Ìkẹ́rẹ́ nínú oṣù Kẹta, ìta lè jẹ́ 34, inú ilé alámọ̀ wa 29. Ìyàtọ̀ 5 péré. Ìtànṣán oòrùn gan-an ni a ní láti dènà. Gíláàsì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ ń mú ilẹ̀ àti àga gbóná, ooru tí àga àti ilẹ̀ bá sì ń tú jáde kò lè gba inú gíláàsì padà síta. Ẹni tí ó bá ti ṣí ọkọ̀ tí a gbé sínú oòrùn rí mọ ohun tí mò ń sọ. Gíláàsì aláwọ̀ dúdú tí alálùmíníọ̀mù fẹ́ tà fún mi máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ á gbóná, á sì máa fẹ́ ooru sí ènìyàn lára. Ibòòji níta ni oògùn rẹ̀.

Òrùlé ni ibi tí ohun ìdènà ooru ti níṣẹ́ ńlá láti ṣe fún wa, nítorí pé páànù tí oòrùn ọ̀sán ń pa lè gbóná kọjá dígírì 60, orí wa gan-an ni ó sì wà. Àwọn tí ó kọ́ ilé bàbá mi mọ èyí kí a tó bí mi. Ewé gbòdògì ni wọ́n kọ́kọ́ fi bo ilé náà, nígbà tí páànù sì dé, àjà alámọ̀ tí ó wà lórí yàrá, igi tí wọ́n tò tí wọ́n sì fi amọ̀ bò, ni kò jẹ́ kí ooru páànù náà sọ̀ kalẹ̀. Títí di òní, yàrá abẹ́ àjà yẹn ni ó tutù jù nínú ilé. Èmi kò lè gbé amọ̀ sórí igi tín-ín-rín tí mo rà, mo wá ra bébà onífàdákà tí a lẹ̀ mọ́ fóòmù, mo sì ní kí káfíńtà tẹ́ ẹ sórí igi kí ó kan páànù lé e. Bí a ṣe parí ìlàjì òrùlé, mo fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án: ó gbóná bí ìkòkò. Ohun dídán kì í dá ooru dúró bí ó bá fara kan ohun gbígbóná. Àlàfo ni ó fi ń ṣiṣẹ́. A tú u. A kan igi pẹlẹbẹ tí ó nípọn ní ínṣì 2 sáàárín páànù àti bébà náà, a ṣí ìsàlẹ̀ àti òkè òrùlé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, a fi nẹ́ẹ̀tì wáyà dí ẹnu rẹ̀ kí eku má baà sọ ibẹ̀ di ilé ọmọ, a sì yí ojú dídán sí ìsàlẹ̀, ní ìhà àjà. Káfíńtà rò pé mo ti dojú rẹ̀ dé. Ojú tí ó bá kọ sí òkè, eruku ọyẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti pa á lójú.

Fèrèsé tí a ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ni mo rà, nítorí pé èyí tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ láéláé, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ni gbogbo ohun tí mo ń wá. A gbé e wọlé ní oṣù Kejì ọdún 2021.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó bọ́ sí i. Mo gbin kànrìnkàn, èyí tí a fi ń wẹ̀, sórí igi tí mo rì síwájú ògiri ìwọ̀-oòrùn kí ó lè bò ó. Ó bò ó dáadáa lójò nígbà tí n kò nílò rẹ̀, ó sì gbẹ kanlẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ooru dé. Sílíkóònù tí ó wà láàárín ilé méjèèjì gbẹ, ó sì là lẹ́yìn ọdún méjì, mo ní láti ha á kúrò kí n tún un ṣe. Mo ti fi bírò fa ìlà kan kọjá àlàfo náà ní ọdún 2021, ìdajì rẹ̀ sára ògiri àtijọ́, ìdajì sára tuntun, mo sì kọ ọjọ́ sí i. Ìlà méjèèjì ti fi díẹ̀ yẹra fún ara wọn, bí ìnípọn owó kọ́bọ̀ kan, ṣùgbọ́n láti òjò kejì ni wọn kò ti yẹ̀ mọ́, ògiri kankan kò sì sán. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, nígbà tí ìta bá ka 34, yàrá náà ń ka 32, nígbà mìíràn 31.

Yèyé ni ó ń lò ó jù mí lọ. Igun tí gúúsù ti pàdé ìwọ̀-oòrùn ni ó máa ń gbé àga rẹ̀ sí, lórí kòtò tí ó pọnmi sí nígbà èwe rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ pọ̀ sí. Mo kan agogo kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́ férémù fèrèsé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni ó sì máa ń tẹ̀ bí ó bá fẹ́ kí n bu omi wá.